Ẹ Jẹ́ Kí Ọmọ Kọ̀ọ̀kan Yan Igi Kan

ÌBÉÈRÈ

Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní Ibafo, kíláàsì karùn-ún ni mò ń kọ́. Látìgbà tí owó ọkọ̀ ti wọ́n gógó, àwọn òbí kan kò lágbára àtimáa san án lójoojúmọ́ mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni àwọn ọmọ tó ń ti Mowe wá fi ń wá sílé ìwé. Ilé ni wọ́n ti ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ méjì tó kù. Àwọn méjì kan tí òbí wọn kó lọ sí Ifo kò tilẹ̀ lè wá rárá títí táàmù yìí á fi parí. Orí WhatsApp ìyá wọn ni mo ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí.

Orí kan wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì wa lórí bí igi ṣe ń yí padà láti ìgbà dé ìgbà. Àwòrán igi mẹ́rin ló wà níbẹ̀: ọ̀kan tanná, ọ̀kan tutù yọ̀yọ̀, ọ̀kan pọ́n, yìnyín sì bo ẹ̀kẹrin. Mo ní kí àwọn ọmọ lọ wo igi tó wà nítòsí ilé wọn, kí wọ́n ya ohun tí wọ́n bá rí. Èyí tó wà nínú ìwé ni ọ̀pọ̀ wọn yà wá fún mi, tòun ti yìnyín. Ọmọ kan láti Mowe wá bi mí pé, "Àǹtí, ìgbà wo ni igi tiwa máa pọ́n?" Mi ò rí èsì gidi fún un.

Ìyá ọmọ kan ní Ifo sọ pé ìrókò nìkan ni igi tó wà nítòsí àwọn, òun ò sì fẹ́ kí ọmọ òun máa dúró nídìí rẹ̀. Àwọn mìíràn ń gbé ilé tí wọ́n ti da kọnkéré sí gbogbo ọgbà rẹ̀. Báwo ni kí n ṣe é? Mi ò lówó ohun èlò, mi ò sì lè tẹ̀ lé wọn délé.

Olùkọ́ kan, Ibafo

ÌDÁHÙN

Ẹ bá mi kí ọmọ tó bi yín léèrè yẹn, kí ẹ sì sọ fún un pé igi tiwa náà máa ń pọ́n. Kó wá igi fúrúùtù kan ládùúgbò wọn, kó máa yọjú wò ó láti ìparí oṣù Kọkànlá lọ. Bí ọyẹ́ bá ti ń fẹ́, ewé ńláńlá orí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọ̀ dà lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á kọ́kọ́ yọ àwọ̀ ìyeyè, òmíràn á kàn pọ́n fòò láti etí wọnú, lẹ́yìn náà á já bọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kí ewé àtijọ́ tó bọ́ tán ni tuntun ti ń yọ lórí ẹ̀ka mìíràn, tó fi jẹ́ pé lórí igi kan ṣoṣo, ẹ óò rí ẹ̀ka tó pọ́n, èyí tó wà ní ìhòòhò, àti èyí tó ti tún tutù yọ̀yọ̀. Àwọn fúrúùtù kan tilẹ̀ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ìwé yín kò purọ́, ilẹ̀ ibòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Ní Lọ́ńdọ́nù, ojúmọ́ oṣù Kẹfà lé ní wákàtí 16, ti oṣù Kejìlá kò sì pé wákàtí 8. Ojúmọ́ tó ń kúrú yẹn àti òtútù tó ń tẹ̀ lé e ló ń sọ fún igi wọn pé ó tó àkókò láti wọ́wé. Lọ́dọ̀ tiwa, láti Mowe títí dé Ifo, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúmọ́ tó gùn jù lọ́dún àti èyí tó kúrú jù kò pé wákàtí kan. Omi ni ọ̀gá tiwa. Atẹ́gùn tó ń ti orí òkun Atlantic wá ló ń gbé òjò fún wa. Àkọ́rọ̀ máa ń dé láàárín oṣù Kẹta sí Kẹrin, òjò á pọ̀ gan-an ní oṣù Kẹfà àti Keje, á dáwọ́ díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, á tún padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Lẹ́yìn èyí, atẹ́gùn tó ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ á gba ipò, òun ló ń kó ọyẹ́ àti eruku bá wa.

Ẹ ṣàlàyé ohun tí omi ní í ṣe pẹ̀lú ewé fún wọn báyìí. Àwọn ihò tíntìntín pọ̀ lára ewé, àgàgà ní abẹ́ rẹ̀, tí ojú lásán kò lè rí. Ibẹ̀ ni igi ń gbà mí, ibẹ̀ náà ni omi ara rẹ̀ ń gbà jáde. Nígbà tí ilẹ̀ bá gbẹ, tí ọyẹ́ sì ń fa omi kúrò lára ohun gbogbo títí dórí ètè àwa èèyàn, igi tó bá ní ewé rẹpẹtẹ lórí á máa pàdánù omi tí gbòǹgbò rẹ̀ kò rí dá padà. Tó bá yá, á fa ohun tó ṣe é lò kúrò nínú ewé náà padà sára, á sé ìdí rẹ̀ níbi tó ti so mọ́ ẹ̀ka, á sì jẹ́ kó bọ́. Àwọ̀ tútù inú ewé, èyí tí wọ́n ń pè ní chlorophyll, ló máa ń kọ́kọ́ túká. Àwọ̀ ìyeyè ti wà lábẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìgbà yẹn ló ń ráyè hàn. Ewé fúnra rẹ̀ ló ń ṣe àwọ̀ pupa ní tuntun nígbà tó bá fẹ́ lọ.

Kò sí ìdí fún ẹ̀rọ kankan láti rí èyí. Kí àwọn ọmọ ṣa ewé fúrúùtù kan tó já fúnra rẹ̀, kí wọ́n fi ọwọ́ já ọ̀kan tó ṣì tutù, kí wọ́n wá gbé ìdí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ìdí èyí tó bọ́ fúnra rẹ̀ mọ́, ó gbẹ, bí ọgbẹ́ tó ti jinná. Èyí tí wọ́n fi tipátipá já á ya, á sì tutù lójú ibi tó ti ya. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n wo ẹ̀ka tí ewé ti kúrò. Àpá róbótó kan á wà níbẹ̀, wọ́n á sì rí ìrudi kékeré lókè àpá náà tàbí ní ṣóńṣó ẹ̀ka, tí ewé tuntun ká jọ sínú rẹ̀. Mo fẹ́ kí ọmọ fi ìka kan ìrudi yẹn fúnra rẹ̀. Ọmọ tó bá ti fọwọ́ kàn án kò ní sọ mọ́ láéláé pé igi tó wọ́wé ti kú.

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹ ṣe. Ẹ má fi àwòrán igi mẹ́rin tiwa rọ́pò mẹ́rin ti òyìnbó, pé ti òjò nìyí, ti ẹ̀ẹ̀rùn nìyí. Igi wa kì í gbọ́ àṣẹ kan náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìrókò, àràbà, arère, ìyeyè àti tíìkì máa ń wà ní ìhòòhò fúngbà díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ kò lè bá mángòrò, àgbálùmọ̀, ọsàn tàbí ọ̀pẹ ní ìhòòhò, bẹ́ẹ̀ gbogbo ìgbà ni ewé wọn ń bọ́ díẹ̀díẹ̀ tí òmíràn sì ń rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá ń gbá abẹ́ mángòrò láràárọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni àgbálùmọ̀ ń pọ́n, àárín òjò sì ni ìyeyè ń pọ́n. Lókè Ọya, igi kan wà tí àwọn Hausa ń pè ní gawo, ìgbà òjò gan-an ni òun ń wọ́wé, tó bá di ẹ̀ẹ̀rùn tí gbogbo igi yòókù gbẹ, á wá rúwé, ẹran ọ̀sìn á sì máa jẹ èso rẹ̀. Kódà fúrúùtù méjì ní òpópónà kan náà lè má pọ́n lọ́sẹ̀ kan náà. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ náà. Bí ọmọ kan bá kọ pé tòun ti bọ́ tán, tí ẹnìkejì rẹ̀ kọ pé tòun kò tíì bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ló gbà á.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan igi kan. Ẹ má yàn án fún un. Lórí igi náà, kó yan ẹ̀ka kan tí ọwọ́ rẹ̀ tó láti ilẹ̀, kó so ìrépé aṣọ aláwọ̀ títàn mọ́ ọn, kó má so ó le jù. Kó ka iye ewé tó wà láti ibi aṣọ náà dé ṣóńṣó ẹ̀ka. Ìyẹn nìkan ni iṣẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, kó padà lọ síbẹ̀, kó ka ewé yẹn, kó ya ẹ̀ka náà sínú ìwé rẹ̀, kó sì kọ ọjọ́ sí i. Ewé tuntun ńkọ́? Ìrudi ńkọ́? Òdòdó, èso, kòkòrò tó ń jẹ ẹ́, ẹyẹ tó bà lé e? Bí ohunkóhun kò bá yí padà, kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ pé kò sí àyípadà. Àkọsílẹ̀ gidi ni ìyẹn náà, kí ẹ sì fún un ní máàkì rẹ̀ pé.

Ibi tí iṣẹ́ yín pọ̀ sí jù ni kí ẹ kọ́ wọn láti kọ ohun tí wọ́n rí, kì í ṣe ohun tí wọ́n rò pé ẹ fẹ́ kí wọ́n rí. Èyí tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ya yìnyín nìyẹn. Ìwé sọ pé ó wà níbẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kí inú yín dùn. Ẹ máa bi wọ́n ní ohun tí kò sí nínú ìwé kankan. Mélòó ló bọ́? Apá ibo lára igi ló kọ́kọ́ pọ́n, ibi tí oòrùn ń pa ni àbí ibi tí òjìji wà? Ní oṣù Kìíní, ẹ óò rí ọmọ tó kọ pé ewé mángòrò òun ti di pupa rúsúrúsú. Ẹ ní kó fi aṣọ tútù nu ewé kan kó tún un wò. Ní àwọn àdúgbò Mowe àti Ifo tí ọ̀nà wọn kò ní ọ̀dà, eruku ni ọ̀pọ̀ ohun tó ń pupa lórí ewé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù. Kó kọ méjèèjì sílẹ̀, bó ṣe rí kí ó tó nù ún àti bó ṣe rí lẹ́yìn tó nù ún.

Bó bá ṣeé ṣe, kí wọ́n máa wọn òjò pẹ̀lú. Agolo mílíìkì ńlá tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé láti ìsàlẹ̀ dókè ti tó. Kí wọ́n gbé e sí gbangba, níbi tí omi òrùlé kò ti ní ro sínú rẹ̀, kí wọ́n fi òkúta tì í kó má bàa ṣubú. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì òjò, kí wọ́n ki rúlà bọ̀ ọ́, kí wọ́n kọ iye mílímítà tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì da omi náà nù kí ẹ̀fọn má bàa yé ẹyin sínú rẹ̀. Nígbà tó bá di oṣù Karùn-ún, tí wọ́n gbé ìwé òjò àti ìwé igi sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, àwọn fúnra wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ wọn.

Ó kan ìyá ọmọ tó wà ní Ifo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá a jiyàn nípa ìrókò. Ohun tí wọ́n tọ́ ọ dàgbà lé lórí ni, ó sì tún ní ẹ̀rí tó ṣeé fojú rí: ẹ̀ka gbígbẹ máa ń já láti orí igi ńlá, pàápàá nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ bá dé. Ẹni tó bá dúró sí ìdí ìrókò kò tilẹ̀ ní rí nǹkan kan bí kò ṣe ìtì. Ọmọ náà á rí i dáadáa ju ẹni bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jókòó sí ojú fèrèsé tàbí ẹnu ọ̀nà ilé wọn. Kó máa ya orí igi náà láti ojú kan náà lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀: bí orí rẹ̀ ṣe rí lójú sánmà, ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé, ibi tó ti dí. Ìrókò ní akọ, ó ní abo. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, akọ máa ń so òdòdó funfun gígùn tó ń rọ̀ dirodiro, tó sì máa ń bọ́ sílẹ̀ bí ìrépé okùn. Ti abo kúrú, ó ki, àwọ̀ rẹ̀ tutù, òun ló sì ń di èso tí àdán ń wá jẹ lóru. Ẹ ní kí ìyá ọmọ náà bá a wo ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbá wá sójú ọ̀nà wọn, kí wọ́n jọ mọ̀ bóyá akọ ni tàbí abo. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìyá náà ni yóò máa ránṣẹ́ sí yín.

Fún àwọn tó ń gbé inú kọnkéré, kò pọn dandan kí igi jẹ́ tiwọn. Mángòrò aládùúgbò tó yọ orí kọjá fẹ́ǹsì ti tó, dongóyárò ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí ti tó, odán tí àwọn ọlọ́kadà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ náà ti tó. Bí igi bá wà ní ọgbà onílé mìíràn, kí òbí lọ tọrọ àyè kí ọmọ tó dé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá rí igi kankan rárá, ẹ pín in pọ̀ mọ́ ẹni tó ní, kí ọ̀kan máa wò ó nílé, kí èkejì máa pa ìwé rẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì jọ lọ wò ó bí àyè bá wà. Ẹ tún wá igi kan nítòsí ilé ìwé yín tí gbogbo kíláàsì á máa wò pa pọ̀ ní ọ̀kan lára ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ń pàdé.

Ní ti fóònù, ẹ jẹ́ kó mọ níwọ̀n, dátà kò pọ́ọ́kú. Fọ́tò kan lọ́sẹ̀ ti tó. Kí wọ́n gbé òkúta kan sí ibi tí wọ́n dúró ya ti àkọ́kọ́, kí wọ́n máa dúró síbẹ̀ lọ́jọ́ gbogbo, ní àárọ̀ Sátidé tí fóònù ìyá wọn wà nílé. Fọ́tò tí wọ́n bá yà lálẹ́ tí ìyá dé láti ọjà kò ní fi àwọ̀ ewé hàn. Kí ọmọ fi ohùn sọ ohun tó rí lédè Yorùbá, níwọ̀n ìṣẹ́jú kan. Tí bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà bá wà nínú ilé, ẹ fi ìbéèrè ránṣẹ́ sí wọn. Kí ni wọ́n máa ń rí lóko tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn ti fẹ́ lọ? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sún mọ́ àwọn tó ń gbin ìrẹsì ní Ọ̀fàdà, ẹ ní àwọn olùkọ́ tí ẹ kò ní sanwó fún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tó ń bọ̀, fún etí yín nìkan. Ẹ má sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kó tó ṣẹlẹ̀. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, mángòrò àti kaṣú á tanná. Òtútù òru ọyẹ́ wà lára ohun tó ń ta mángòrò jí. Òdòdó rẹ̀ wẹ́wẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn máa ń wà lórí ìdì kan, díẹ̀ nínú wọn ló sì ń di èso. Ọmọ tó bá ṣọ́ ìdì kan láti òdòdó títí dé èso á rí bí èyí tó pọ̀ jù ṣe ń bọ́ dànù. Bí òjò àìròtẹ́lẹ̀ bá rọ̀ sí òdòdó náà, àrùn lè bà á kó dúdú, kó sì rẹ̀ dànù. Ewé tuntun mángòrò náà yẹ ní wíwò: pupa bíi bàbà ló ń jáde, ó ń rọ̀ dirodiro bí ohun tí kò lágbára, kó tó tutù kó sì le. Àràbà á tanná lórí ẹ̀ka ìhòòhò. Alẹ́ ni òdòdó rẹ̀ ń là, àdán á sì wá mu omi adùn inú rẹ̀. Nígbà tí èso rẹ̀ bá là, òwú á máa fò lọ káàkiri, kò sí ewé tí yóò dí i lọ́nà. Bí ẹnikẹ́ni bá rí tíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rúwé, kó fi àtàǹpàkò rin ewé ọ̀dọ́ kan mọ́ àtẹ́lẹwọ́. Ọwọ́ rẹ̀ á pọ́n bí ẹni tó lé osùn.

Èyí tó jọ mí lójú jù ni ti oṣù Kejì sí Kẹta. Òjò kò tíì rọ̀, ilẹ̀ sán, kànga àwọn èèyàn ń gbẹ, síbẹ̀ ìrókò àti àràbà tó wà ní ìhòòhò á bẹ̀rẹ̀ sí í rúwé. Níbo ni wọ́n ti rí omi? Lẹ́yìn tí ewé ti kúrò lórí, omi tó wà nínú ìtì àti ìwọ̀nba tí gbòǹgbò ń fà láti ìsàlẹ̀ kò rí ibi sá lọ mọ́, díẹ̀díẹ̀ ló ń pọ̀ sí i nínú ara títí á fi tó láti ti ewé tuntun jáde. Fún àwọn igi kan, ojúmọ́ tó fi díẹ̀ gùn sí i náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Eni Njoku, onímọ̀ ewéko tó di gíwá àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Èkó ní 1962, tẹ ìwádìí jáde ní 1963 àti 1964 lórí bí àwọn igi igbó Nàìjíríà ṣe ń dàgbà láti ìgbà dé ìgbà, ó sì rí i pé àwọn ọ̀dọ́ igi kan ń mọ ìyàtọ̀ kékeré yẹn lára. Mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ó ya àwọn ọmọ lẹ́nu kí ẹ tó ṣàlàyé.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ kéde ìsémọ́lé fún Èkó, Ògùn àti Abùjá nítorí kòrónà ní ìparí oṣù Kẹta 2020, àsìkò yìí gan-an ló bọ́ sí. Àkọ́rọ̀ ń rọ̀, èsúnsún ń fò, panṣẹ́kẹ́ ń múra àtitanná pupa. Orí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni ẹ̀kọ́ wà, àwọn ọmọ wà lójú fèrèsé láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀pọ̀ wa tó jẹ́ olùkọ́ kò sì rántí pé a lè ní kí wọ́n wo ìta. Ó ń dùn mí títí di òní. Inú mi dùn pé ẹ̀yin rántí.

Ohun kan tún wà tí ẹ ní láti múra sílẹ̀ fún ní Mowe àti Ibafo. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣán igbó láti kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ó sì ṣeé ṣe kí wọ́n gé igi ọmọ kan kí ọdún tó yí po. Bó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má ní kí ọmọ náà kàn yan òmíràn bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Kó kọ ọjọ́ tí wọ́n gé e, kó wọn bí kùkùté rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, kó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà àdúgbò bí igi náà ti pẹ́ tó níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ igi ló ń hù padà láti kùkùté bí wọn kò bá hú gbòǹgbò rẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀ fún un tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú. Bó bá sì ń bínú, kó kọ ìyẹn náà sínú ìwé.

Kí àwọn òbí mọ̀ pé kò sí gígun igi nínú iṣẹ́ yìí, kò sí wíwọ igbó láìsí àgbà nítorí ejò, kò sí títọ́ ewé tàbí èso tí wọn kò mọ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni kò sí igi kankan tó yẹ kí ọmọ torí rẹ̀ sọdá márosẹ̀.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì ní ìpínlẹ̀ yín. Ní Olókemèjì, lójú ọ̀nà rélùwéè àtijọ́ tó gba Ifo kọjá lọ sí Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, Brian Hopkins ti Yunifásítì Ìbàdàn wo igbó ọba tó wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ àkókò láàárín àwọn ọdún 1960, ó ń kíyè sí bí ewéko ṣe ń dàgbà àti bí ewé ṣe ń bọ́ láti ìgbà dé ìgbà, títí kan ewé tó wà nílẹ̀. Ní ìlú Kyoto ní Jàpáànì, àkọsílẹ̀ ìgbà tí igi cherry ń tanná ti wà láti ọdún 812. Àwọn tó kọ́kọ́ kọ ọ́ kò mọ ohun tí a máa fi ṣe: òun ni wọ́n fi mọ̀ ní ọdún 2021 pé 26 oṣù Kẹta tí òdòdó náà tàn dé góńgó ni ó yá jù títí di ìgbà yẹn láti ohun tó lé ní 1,200 ọdún. Ayé tó ń móoru ni onímọ̀ ń kà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n kó ìwé náà lọ sílé ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ bí ìwé iṣẹ́ àmúrelé yòókù. Kí ọmọ kọ orúkọ òpópónà àti ibi tí igi wà sójú ìwé àkọ́kọ́, kó fi pẹ́ńsù kọ̀wé, torí pé báírò máa ń tú bí òjò bá kàn án. Kó yan ẹnì kan ní kíláàsì kẹrin tí yóò fi igi náà hàn, kó sì fa ẹ̀ka tó ní aṣọ lára lé e lọ́wọ́. Ẹ kó àwọn ìwé náà sínú garawa onídèrí ní ọ́fíìsì yín, kí ikán má bàa rí wọn jẹ.